Okùn wo ló yẹ kí n fi ju crankbait (ìjẹ àtọwọ́dá tó dà bí ẹja, tó máa ń wọlẹ̀ sínú omi bí a bá ń fà á) ní adágún Kainji?

Fluorocarbon (irú okùn ìpẹja oníke kan) tí agbára rẹ̀ jẹ́ páùn 10 sí 12 ló bá ọ̀pọ̀ crankbait mu. Ó máa ń rì, kì í sì í nà bíi náílọ́ọ̀nù lásán, nítorí náà ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n bí ìjẹ náà bá gbá òkúta nísàlẹ̀. Bí okùn bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ìjẹ ṣe ń wọlẹ̀ tó. Náílọ́ọ̀nù dára fún etí omi tí kò jìn.

Àmọ́ ti giwan ruwa (ẹja Nile perch) ńlá yàtọ̀: okùn híhun tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ lò, kí ẹ so fluorocarbon tó nípọn mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ìka yẹ okùn wò; ibi tó bá ti ṣe háráhárá, ẹ gé e, kí ẹ tún un so.