Ẹ fi sípréè sílẹ̀ ná, ẹ yẹ ẹ́ẹ̀tì yín wò

Ẹ ní ẹ̀rọ MIG kékeré (ẹ̀rọ ìjórin tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀) àti wáyà 0.8 mm lẹ fi ń jó irin oní-2 mm, pé èérún irin lẹ̀ káàkiri ojú iṣẹ́, ẹ wá ń wá sípréè tó dáa jù tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀. Sípréè kì í dá irin dúró kó má ta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju pé èyí tó ti ta kò ní ráyè lẹ̀ mọ́ nǹkan.

Ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbógun tì. Ìpẹtà, ọ̀dà, epo, títí kan èèpo dúdú tó wà lára irin tuntun, ń di gáàsì nínú iná, wọ́n á sì fẹ́ irin yíyọ́ dànù. Ẹ fi gíráńdà ha á títí á fi funfun, ó kéré tán 20 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ ha ibi tí kíláàmpù ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, máa gbá mú náà. Ẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ọ̀dà ń gbé iná ségesège, bẹ́ ẹ ti wù kẹ́ ẹ yí ẹ̀rọ sókè sódò. Ẹ má sì fi omi ìfọ bíréèkì tó ní chlorine nu irin o! Iná lè sọ ọ́ di phosgene, gáàsì tó ń pààyàn.

Irin tí wọ́n pa zinc sí lára burú jù: zinc ti hó di gáàsì ní 907°C, nígbà tí irin ò tíì yọ́ rárá títí tó fi sún mọ́ 1,500°C. Ẹ ha á kúrò, ẹ má fa èéfín rẹ̀.

Fólítì àti ìyára wáyà ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 17 fólítì lórí irin àlòkù tó nípọn bákan náà. Ẹ má fọwọ́ kan ìyára wáyà, fólítì nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé díẹ̀díẹ̀. Tó bá kéré, wáyà á gún ìsàlẹ̀ irin yíyọ́ kó tó yọ́: tọ́ọ̀ṣì (ọwọ́ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ dì mú) á máa ti ọwọ́ yín sẹ́yìn, á máa dún pá, pá, pá, ojú ibi tẹ́ ẹ jó á ga bí okùn. Tó bá pọ̀ jù, á dún fúùù, orí wáyà á wú di bọ́ọ̀lù kó tó já bọ́. Òun ló ń ta jìnnà. Ohùn tẹ́ ẹ ń wá ni ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ tí kò gé.

Kí wáyà yọ jáde lẹ́nu típù (ihò orí tọ́ọ̀ṣì tí wáyà ń gbà jáde) ní nǹkan bíi 10 mm péré. Ní ti gáàsì tó ń bo irin yíyọ́ kí afẹ́fẹ́ má kàn án, CO₂ nìkan ń mú irin ta ju argon tí wọ́n fi CO₂ 20 sí 25% lú lọ. Ẹ fi gáàsì sí lítà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, ó lè fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Wáyà tó ń lo gáàsì fẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì wà ní pọ́sítíìfù. Èyí tí kì í lò ó fẹ́ nẹ́gátíìfù. Ẹni tó pààrọ̀ wáyà tí kò pààrọ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù á kàn máa yí bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá tó ni kẹ́ ẹ wá fọ́n sípréè, kó fẹ́lẹ́. Tó bá rin gbindin, ó ń dá ihò sínú ibi tẹ́ ẹ jó. Ẹ yẹra fún èyí tó ní silicone tẹ́ ẹ bá máa kun iṣẹ́ náà, torí ọ̀dà ò ní dì í mú.