Fáníìṣì kọ́ ni dẹ́ẹ̀kì yín ń fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Maryland ní Amẹ́ríkà ni à ń gbé. Dẹ́ẹ̀kì kan, ìyẹn pèpéle onípákó tí a ń jókòó sí níta, wà lẹ́yìn ilé wa, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 16 ní gígùn. Páìnì tí wọ́n ti fi oògùn sí ni wọ́n fi kàn án ní 2015. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ mi fi fáníìṣì tó ń dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń bó báyìí, abẹ́ rẹ̀ sì rí bí eérú. Ẹnì kan ní ká da bílíìṣì sí i, ká fi pressure washer, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi jáde, fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, ká wá fi fáníìṣì tó lágbára kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Èwo ló lágbára jù? Fáníìṣì ara ilẹ̀kùn ìrókò bàbá mi n'Ìbàdàn ṣì ń dán títí dòní.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kò sí èyí tó lágbára jù. Èyí tó wù kí ẹ rà, iye tó wù kó jẹ́, yóò bó lórí dẹ́ẹ̀kì. Ọkọ yín kò kùn ún dànù, ohun tó kùn ni kì í ṣe ti ibẹ̀. Bí ẹ bá tún kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ fífá ni ẹ ń tọ́jú de ara yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn bàbá yín, torí òun gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Ilẹ̀kùn dúró gbọnrangandan, ó sì sábà máa ń wà lábẹ́ òrùlé fàráńdà. Omi òjò kì í dúró lára rẹ̀, oòrùn ọ̀sán kì í sì í pa á lórí. Ìrókò pàápàá kì í wú kó sì sún kì tó páìnì. Pákó dẹ́ẹ̀kì ńkọ́? Ó dùbúlẹ̀ kọjú sókè, òjò ń dúró lórí rẹ̀, yìnyín ń jókòó lé e, bàtà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí páìnì bá mu omi, á wú ní ìbú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Awọ fáníìṣì tó wà lórí rẹ̀ kò lè máa bá a wú kó máa bá a sún kì títí, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ti mú kó le. Á sán wẹ́wẹ́. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, á tún gba ihò síkúrù àti orí pákó tí ayùn gé. Wíwọlé rọrùn fún un, jíjáde ni kò rọrùn, nítorí fáníìṣì tó kù ti bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni pákó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ kì í dá ìtànṣán oòrùn dúró tó. Ìtànṣán náà á gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá lignin, ohun tó lẹ fọ́nrán igi mọ́ra wọn, á sì máa bà á jẹ́. Nígbà tí fọ́nrán tó wà lókè bá ti tú, kí ni fáníìṣì fẹ́ dì mú? Ohun tó rí bí eérú lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, igi tí oòrùn ti jẹ ni. Àwọn tó ń fi fáníìṣì kun ọkọ̀ ojú omi mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í yé tún un kùn. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ máa ṣe lẹ́yìn ilé yín?

Stain elépo tó ń wọ inú igi ni kí ẹ rà. Ẹ wá agolo tí wọ́n kọ "penetrating" àti "semi-transparent" sí lára. Àwọ̀ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba oòrùn sára. Kì í di awọ lórí pákó, nítorí náà kò sí ohun tí yóò bó. Ṣe ni yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀.

Ní ti bílíìṣì, ó ń pa èéhù lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ fọ́nrán igi, ó sì ń jẹ síkúrù. Bó bá pàdé ammonia tàbí ásíìdì, èéfín rẹ̀ lè pani. Ẹ gbé e tì. Páìnì rọ̀: pressure washer tí agbára omi rẹ̀ bá ju 600 psi lọ, tàbí tí ẹnu rẹ̀ tóóró, á gbẹ́ ojú pákó, á sì jẹ́ kó hu irun. Omi tó ń ti inú rọ́bà ẹ̀rọ jáde àti búrọ́ọ̀ṣì líle tó.

Fáníìṣì àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò tán. Deck stripper tó ní kọ́sítííkì sódà nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ nílé, lè yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ polyurethane, irú fáníìṣì tó máa ń le bí ike, ni ọkọ yín kùn, kò ní mì í, sáńpépà ni yóò parí iṣẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ lo awò ààbò. Ẹ fi omi rin òdòdó tó wà nítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí stripper wà lórí pákó fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ, ẹ gbo ó, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin o: èérún irin tó bá há sínú pákó á dípatà, á di àmì dúdú. Kọ́sítííkì máa ń mú kí páìnì dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Oxalic acid, tí wọ́n ń tà ní deck brightener, ló ń dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìwọ̀n tó wà lára ike rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Májèlé ni, kí ọmọdé àti ajá jìnnà sí i.

Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí òjò kò rọ̀. Ẹ wa síkúrù tó bá yọrí wọlé, ẹ fi sáńpépà oní-nọ́ńbà 60 fá a, kí ẹ wá fi 80 tẹ̀ lé e. Ẹ má kọjá 80, igi tó bá jọ̀lọ̀ jù kì í mu stain dáadáa. Ẹ lo ìbomú N95. Ti yín kò sí nínú èyí, àmọ́ kí ẹni tí wọ́n kan dẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ ṣáájú 2004 mọ̀ pé arsenic, májèlé kan, lè wà nínú oògùn pákó náà. Kó má fá a, kó má sì jó o níná.

Ẹ kán omi sórí pákó. Bó bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti yá. Bó bá ṣù jọ sójú kan, fáníìṣì ṣì kù níbẹ̀.

Gálọ́ọ̀nù stain kan lè tó ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n igi tó ti gbó ń mu púpọ̀, ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ sì tún wà. Ẹ ra méjì, kí ẹ dà wọ́n pọ̀ kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹsàn-án dára níbi tí ẹ wà, nígbà tí ooru bá wà láàárín 50 sí 90°F, tí oòrùn kò sì sí lórí pákó ní tààrà. Ẹ ro agolo dé ìsàlẹ̀. Pákó méjì méjì ni kí ẹ máa kùn láti orí dé ìdí, kí ojú ìpàdé má bàa hàn. Orí tí ayùn gé ni kí ẹ jẹ́ kó mu yó. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ fi àkísà nu gbogbo èyí tí pákó kò mu. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ á di awọ, a ti padà sídìí ọ̀rọ̀ fáníìṣì nìyẹn.

Àkísà elépo yẹn lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i, bí ẹ bá ká a jọ sí gáráàjì. Ẹ tẹ́ ẹ síta lórí sìmẹ́ńtì títí yóò fi gbẹ tí yóò gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gbá ewé kúrò láàárín pákó, kí ẹ má sì gbé ìkòkò òdòdó lé e ní tààrà. Bí omi kò bá ṣù jọ lórí rẹ̀ mọ́, bí ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Kò sí fífá mọ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú mọ́tò sí i, ẹ kí i kó máa lọ.

Èmi ò rí dẹ́ẹ̀kì yín lójúkojú o. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi screwdriver gún ìdí òpó àti pákó tí wọ́n fi so ó mọ́ ara ilé. Bó bá wọlé láìjanpata, tàbí tó bá jẹ́ ìṣó nìkan ló so ó mọ́ ilé tí kò sí bóòtù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gorí rẹ̀ mọ́. Ẹ pe akọ́lé tó ní láísẹ́ǹsì, ẹ fi stain sílẹ̀.