Ṣé èèyàn lè sin horseshoe crab (ẹranko òkun kan tí èèpo líle ẹ̀yìn ẹ̀ rí bíi pátákò ẹṣin) sínú tánkì omi iyọ̀ nílé l'Adó-Èkìtì?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í pẹ́ kú nínú tánkì kékeré, ebi ló sì sábà máa ń pa á. Inú iyanrìn ló ti ń wá ekòló òkun àti ìṣáwùrú jẹ, tó bá ti kó wọn jẹ tán kò sí nǹkan kan mọ́ àfi kẹ́ ẹ máa ki edé gígé bọ abẹ́ ẹ̀ gan-an, torí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ẹnu ẹ̀ wà. Abo ti Amẹ́ríkà lè gùn tó 60 cm tìrùtìrù. Èkìtì ò sí létí òkun, iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún aquarium (tánkì ẹran omi) lẹ máa pò, bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan, ẹ má lo iyọ̀ ọbẹ̀ o. Tí iná bá lọ, pọ́ǹpù ò gbọdọ̀ dúró, ẹ wá bátìrì sí i.