Abẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú abẹ

Ẹ káàbọ̀ o. Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, àmọ́ mẹ́ta péré ni mo mú, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wá. Kókó ni, ìbẹ̀rù abẹ sì ni.

*Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, telọ̀ ni mí. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan kókó kan lára ọyàn mi òsì, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, kò sì dùn mí rárá. Mo lọ sí ọsibítù kékeré kan ládùúgbò, dókítà ibẹ̀ ní kí n ṣáà mówó wá, pé kó tó pé wákàtí kan òun á ti yọ ọ́ dànù. Ọ̀rẹ́ mi wá mú mi lọ sí ọsibítù ìjọba, àwọn yẹn ní àwọn ò ní í fi abẹ kàn án àfi táwọn bá kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wò. Ìyá ọkọ mi ń pariwo pé tí abẹ́rẹ́ bá fi lè gún un pẹ́nrẹ́n, ó máa bínú ni, á sì tàn ká gbogbo ara. Èwo ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì san owó yẹn, àbí? Tẹ́ ẹ bá ti san án, ẹ lọ gbà á padà. Ti ọsibítù ìjọba ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Kókó ọyàn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Fún ẹni tó wà lọ́jọ́ orí yín, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó lè jẹ́ àpò omi lásán, ó sì lè jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fibroadenoma, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí á yọ̀ sọ́hùn-ún bí ọṣẹ inú omi, ìyẹn ò sì fi dandan nílò abẹ rárá. Àmọ́ a máa ń rí jẹjẹrẹ náà lára ọmọ ọdún 34, kódà a máa ń rí i lára ẹni tó kéré sí yín. Pé kò dùn yín kò ní kí ọkàn yín balẹ̀ o, torí jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹ ọyàn méjèèjì àti abíyá wò, wọ́n á ṣe sikáànì (ti ọ̀dọ́ bíi tiyín, ultrasound ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò torí ọyàn tó ṣì le kì í jẹ́ kí mammogram, ìyẹn fọ́tò x-ray ọyàn, ríran dáadáa), lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ báyọ́psì, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ n sọ bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe máa ń rí, kẹ́ni kankan má dẹ́rù bà yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn orí, wọ́n á fi spírítì nu ojú ibẹ̀, á tutù. Abẹ́rẹ́ kékeré ló kọ́kọ́ ń wọlé, oògùn tó ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn gan-an ló máa ta yín, bí ìgbà tí ìjàlọ bá géèyàn jẹ. Tí ibẹ̀ bá ti kú tán wọ́n á wá ti abẹ́rẹ́ tó tóbi díẹ̀ wọlé, ẹ máa gbọ́ "kà!" bí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń tẹ bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ẹ má fò sókè. Ohun tó máa jáde ò ju òwú funfun kékeré lọ, bí èyí tẹ́ ẹ máa ń gé sílẹ̀ lẹ́nu máṣíìnì. Wọ́n á mú un bíi ìgbà mélòó kan, wọ́n á kó o sínú ìgò tí formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ wo ara ìgò yẹn: ṣé orúkọ yín ló wà níbẹ̀? Ẹ má tijú àtibéèrè. Wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ó lè dúdú fọ́jọ́ mélòó kan, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín wá kọ́. Mi ò ní bú wọn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Wọ́n rí i pé Lágbájá lọ gba abẹ́rẹ́, kò pẹ́ ó kú, wọ́n bá di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́. Wọn ò rí ọdún kan ààbọ̀ tí Lágbájá ti fi ń wẹ àgbo, tó ń da ìbòrí bo ọyàn tó ti ń rùn kó tó gbéra nílé. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n bá níbi tí òkú wà, òun ni wọ́n mú. Abẹ́rẹ́ báyọ́psì kì í sọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ di jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe òun ló ń mú un tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Ìdádúró ló ń ṣe ìyẹn.

Dókítà tó fẹ́ yọ ọ́ kó tó pé wákàtí kan wá ńkọ́? Tó bá lọ jẹ́ jẹjẹrẹ, yíyọ ọ́ bíi kókó lásán kì í sábà tán an nídìí, ẹ ó padà dùbúlẹ̀ fún abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí kókó lè sún kì kí abẹ tó kàn án. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ẹran tí wọ́n bá yọ tí wọ́n á kàn jù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti gba obìnrin kan rí, àpá tó gùn tó ìka mi ló wà lára ọyàn ẹ̀, kò sí bébà, kò sí èsì láàbù, wọ́n ní "ọ̀rá ni, a ti yọ ọ́". Ó sì ti hù padà, abíyá náà ti kó kókó. Gbogbo ẹran tí wọ́n bá yọ lára èèyàn, láàbù ló ń lọ o.

Láàbù ò tiẹ̀ ní dúró lórí orúkọ àìsàn nìkan. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á tún wò ó bóyá hómóònù ló ń bọ́ ọ (ER àti PR ni wọ́n máa kọ) àti bóyá HER2, ohun kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ náà yára dàgbà, pọ̀ níbẹ̀, torí ìyẹn ló máa sọ oògùn tó kàn. Ẹni tí hómóònù ń bọ́ tiẹ̀ ló lè lo tamoxifen, ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀ tó ń gbé e mì, owó ló ń gbé mì. Àyẹ̀wò yìí lówó lórí, ẹ tètè béèrè iye ẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èsì ìyàwó mi jáde, jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní gbogbo ọyàn náà ló máa lọ. Àbúrò mi tó wà ní London ní lọ́hùn-ún kókó nìkan ni wọ́n ń yọ. Ṣé torí pé a ò lówó ni wọ́n fi fẹ́ gé e? – Bàbá Tóyìn, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú ìdúró ti ìyàwó yín, sà. Àbúrò yín ò parọ́, dókítà yín náà ò parọ́.

Láyé àtijọ́, kì í ṣe ọyàn nìkan ni wọ́n ń gé, wọ́n á kó iṣan àyà abẹ́ ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n rò pé bí abẹ bá ṣe ń jẹ ẹran tó ni àìsàn á ṣe lọ tó. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Bernard Fisher, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dún 1976: wọ́n yọ gbogbo ọyàn àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan lára àwọn míì. Wọ́n ń ṣọ́ wọn fún 20 ọdún, èsì ẹ̀ jáde ní 2002, iye àwọn tó ṣì wà láyé kò yàtọ̀ síra. Àmọ́ àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan tí wọn ò lo ìtànṣán (radiotherapy, iná ẹ̀rọ tó ń pa ìyókù jẹjẹrẹ) sí i, ó padà hù nínú ọyàn yẹn kan náà lára púpọ̀ nínú wọn.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Yíyọ kókó nìkan, ìtànṣán ló kù tó máa tẹ̀ lé e, lójoojúmọ́ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ wa ò sì pọ̀. Ọsibítù UCH n'Íbàdàn ní in, èyí tó wà ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó ni wọ́n tún ṣe tuntun ní 2019. Owó mọ́tò ńkọ́, ibi tí ìyàwó yín máa sùn ńkọ́? Ẹ bi dókítà léèrè: báwo ni kókó yẹn ṣe tóbi tó sí ọyàn, ṣé ibì kan ṣoṣo ló wà, ṣé kẹ́mò lè kọ́kọ́ mú un kéré, tí wọ́n bá sì yọ gbogbo ẹ̀, ṣé ìtànṣán ò ní sí rárá ni? Torí ẹni tí wọ́n yọ gbogbo ọyàn ẹ̀ náà lè ṣì nílò ìtànṣán. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló máa lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín sá o, ibi yìí gan-an lọ̀pọ̀ wọn ti máa ń sá lọ sí orí òkè. Ìgò kékeré kan máa wà tó ń fa omi láti abẹ́ àpá fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá a na apá sókè díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kọ́ yín, kó má baà le.

(Ẹ̀yin ọkùnrin náà ní ọyàn o. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ̀ ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kókó lẹ́yìn orí ọmú yín, ẹ má pè é ní ọ̀rá.)

*Mà, ọmọ 200 level ni mí ní Ifẹ̀. Ìpéǹpéjú dádì mi máa ń wálẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń jẹran ẹnu máa ń rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣe sikáànì CT, wọ́n rí kókó níwájú ọkàn nínú àyà. Wọ́n ní àwọn máa ṣí àyà yọ ọ́ láìmú báyọ́psì. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú! – Ọmọ Dádì*

Ọmọ mi, o mú mi níbi tó yẹ. Bí o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, ó jọ thymoma, kókó tó ń hù lára gílándì thymus tó wà lẹ́yìn egungun àyà. Tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọyàn. Tó bá wà nínú awọ ẹ̀ pelemọ, tí sikáànì sì fi hàn pé wọ́n lè kó gbogbo ẹ̀ jáde, àwọn dókítà abẹ àyà sábà máa ń yẹra fún gígún un, kí awọ náà má lu kí ohun inú ẹ̀ má lọ gbìn síbòmíì. Odidi ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde. Ìgbà tó bá ti wọ ara ohun míì, tàbí tó jọ lymphoma, oríṣi jẹjẹrẹ míì tó jẹ́ pé oògùn ló ń wò ó, ni wọ́n á mú abẹ́rẹ́.

Ojú tó ń wálẹ̀ yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ó jọ myasthenia, àìsàn tó ń jẹ́ kí iṣan tètè rẹ̀, ó máa ń bá thymoma rìn, ó sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ oògùn dáadáa kí wọ́n tó kun dádì rẹ lóorun, torí iṣan tí wọ́n fi ń mí náà lè rẹ̀. Lẹ́yìn abẹ, wáyà ni wọ́n á fi so egungun àyà pọ̀, kí wọ́n má gbé kẹ́ẹ̀gì omi títí dókítà á fi ní ó yá. Kí ilé sì gbọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ra cipro tàbí gentamicin, àwọn oògùn apakòkòrò, lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì fún wọn, ó lè mú kí iṣan náà dákẹ́ lójijì. Kọ ọ́ sórí bébà, kó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn.