Kí o tó ra oògùn agbára yẹn, gbọ́ ti ìka mi

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ ọdún 47 ni ọ́, pé ilẹ̀ máa ń mọ́ bá ọ bí ẹni tí kò sùn rárá, o sì fẹ́ mọ èwo ni kí o rà nínú CoQ10, alpha lipoic acid àti astaxanthin, àwọn kápúsù antioxidant tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ara, kí agbára lè padà sára, kí ogbó má sì tètè wọlé dé. O tún béèrè mílígíráàmù mélòó. Màá dá ọ lóhùn. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń sọ fún ọ pé "ra èyí, ra tọ̀hún" kò bi ọ́: oògùn wo ni o ti ń lò tẹ́lẹ̀? Má tíì dáhùn. Gbọ́ tèmi ná.

Telọ ni mí, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Ìró àti bùbá, aṣọ ẹbí, yúnífọ́ọ̀mù iléèwé, gbogbo ẹ̀ la máa ń rán. Ní 2011 ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fún mi ní Metformin. Mo ń lò ó, ṣúgà ń wálẹ̀, èmi àti ẹ̀ kò níjà. Àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, mo mọ àárẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí mò ń wí yìí, màá jókòó sídìí máṣíìnì láago mẹ́sàn-án, kó tó di mẹ́wàá mo ti gbórí lé e.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ ló gbé ìgò kan wá. Ó wà lára àwọn tó ń ta ọjà mú-èèyàn-wá-kóo-jèrè yẹn. Ó ní antioxidant ni, pé CoQ10 wà nínú ẹ̀, fítámì C, fítámì E, èso àjàrà, folic acid (fítámì B9), àti nǹkan bí ogún mìíràn tí ahọ́n mi ò lè pè. ₦28,000 ni ìgò kan nígbà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹyọ kan lóòjọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní méjì ni kí n máa lò, pé ara mi ti jìn lọ. Mo ń lo méjì.

Mo fẹ́ kí o ka ibí yìí dáadáa. Láàárín oṣù méjì, ara mi yá díẹ̀. Mi ò purọ́ mọ́ oògùn náà. Ojú mi là, mo sì ń jẹ́rìí kiri. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ sọ mí di aláìlọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tí mi ò lè bọ́. Mo ń tẹ pẹ́dàlì, mi ò mọ̀ bóyá mo tẹ̀ ẹ́ tàbí mi ò tẹ̀ ẹ́, àfi kí n wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Mo ń fi àdí àgbọn pa á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń rán léèsì funfun oníbàárà, ọmọ iṣẹ́ mi kàn pariwo pé, "Màmá, ẹ̀jẹ̀!" Mo wolẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rò pé òun ló fara pa. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gba ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá mi kọjá, ó ti rán an mọ́ léèsì, ẹ̀jẹ̀ ti ya sórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, èmi ṣì ń tẹ pẹ́dàlì lọ. Mi ò mọ nǹkan kan. Tí ọmọ yẹn ò bá pariwo, bóyá máa rán ọwọ́ mi tán. Mo san owó léèsì náà. Mi ò tíì sunkún nítorí aṣọ rí, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Kí n wá sọ ti àwọn dókítà. Ẹni àkọ́kọ́ kò gbójú sókè wò mí. Ó wo ìwé àyẹ̀wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, jẹ́ 36, ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín pé. Ọjọ́ orí ni." Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún! Ẹnì kejì ní àtọ̀gbẹ ló ń jẹ iṣan ìmọ̀lára mi, ó kọ oògùn tó ń mú mi sùn sídìí máṣíìnì, èmi tí oorun ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹnì kẹta ní kí n dín ìrònú kù. Ìrònú! Àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló wà nínú báàgì mi. Mo tún gbé ìgò náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, pé kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, ẹ̀dà mẹ́ta, pẹ̀lú rìsíìtì. Ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Wíńdò ọ́fíìsì ọ̀gá náà ṣí sílẹ̀ o, fáànù ń yí.

Ọmọdé kan ló gbà mí. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì sórí tábìlì." Mo kó o. Ó gbé ìgò antioxidant náà, ó yí i sẹ́yìn, ó ka àwọn lẹ́tà wínniwínni yẹn. Folic acid, 800 máíkírógíráàmù nínú ẹyọ kan. Mò ń lo méjì, ó di 1,600. Ó ní ó kéré tán, ọdún mélòó ni mo ti ń lo Metformin? Mo ní ọdún mẹ́jọ. Ó mí kanlẹ̀.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi rèé. Bí èèyàn bá lo Metformin pẹ́, pàápàá tó bá pọ̀, ìfun rẹ̀ lè má gba fítámì B12 sára mọ́ bó ṣe yẹ. B12 yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú ohun tó bo iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Bó bá tán, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń kéré, àyẹ̀wò á sì rí i. Ṣùgbọ́n folic acid lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kí PCV gòkè, kò sì lè tún iṣan ṣe. Nítorí náà ohun tí mo fi ₦28,000 rà bo ẹ̀jẹ̀ mi mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ìṣẹ́tí tó dáa bo ìránṣọ tó ti tú. Dókítà wo ìṣẹ́tí, ó ní aṣọ pé. Iṣan mi ń kú lọ lábẹ́ ẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún B12, Èkó ni wọ́n gbé e lọ. Ó jáde ní 118. Ìwé lábù náà ní ó yẹ kó ju 200 lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lábẹ́rẹ́ B12 kan tó pupa bíi zóbò, wọ́n ń fo ọjọ́ kan láàárín, lẹ́yìn náà ó di oṣù méjì-méjì. Àárẹ̀ náà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìka ọwọ́ gba ọdún kan àti ààbọ̀ kó tó padà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì kò padà títí di òní. Ní 2022 ni mo wá gbọ́ pé àwọn tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àìtó B12 wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo Metformin, pé kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ ẹ̀. Ẹ ṣeun o. Ìka mi ti mọ̀ ṣáájú yín.

Má tìtorí ìtàn mi lọ dá Metformin rẹ dúró o, bó bá jẹ́ pé ò ń lò ó! Èmi ṣì ń lò ó. B12 ni wọ́n kàn ń fi tì í.

Ó jọ pé mo ti gbàgbé ìbéèrè rẹ. Ó dáa. Nínú mẹ́ta tí o dárúkọ, CoQ10 ni màá mú. Fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù telọ: ẹnìkan ń gé aṣọ, ẹnìkan ń rán an, ẹnìkan ń ṣe ojú bọ́tìnì. Ọmọ iṣẹ́ kan ló ń gbé aṣọ láti ọ̀dọ̀ ẹni yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, gbogbo wa á kàn máa wora wa lójú ni. Iṣẹ́ CoQ10 nìyẹn nínú mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Electron, ẹyọ iná mànàmáná tó kéré jọjọ, ló ń gbé kiri. Ó tún wà lára ohun tó ń pa èéfín tí iṣẹ́ yẹn ń tú jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní antioxidant. Inú ọkàn màlúù ni Frederick Crane àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti yọ ọ́ ní Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, ní 1957, nítorí náà má fojú tín-ín-rín ẹran ọkàn nínú ọbẹ̀. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n kó ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí aṣọ lórí tábìlì, kí ni wọ́n fẹ́ gbé?

Ibi tí ẹ̀rí ẹ̀ ti dáa jù ni ara àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Wọ́n jábọ̀ ìwádìí kan ní 2014: èèyàn 420, mílígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ọdún méjì, ikú sì dín kù láàárín àwọn tó lò ó. Aláìsàn ọkàn ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ń rẹ̀. Lọ́dún kan náà, wọ́n jábọ̀ ti àwọn alárùn Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n: èèyàn 600, wọ́n fún àwọn kan ní 1,200, àwọn kan 2,400 mílígíráàmù lóòjọ́. Kò ṣe wọ́n láǹfààní. Torí náà ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé bó ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ọjà ló ń tà.

100 sí 200 mílígíráàmù lóòjọ́ tó. Lo ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lépo, kì í yòrò nínú omi. Láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án, kó má lọ fọwọ́ kan oorun rẹ. Irú CoQ10 méjì ló wà: owó èyí tí wọ́n kọ ubiquinol sí ju ti ubiquinone lọ. Ra èyí tí owó rẹ bá ká. Kí wọ́n kọ mílígíráàmù CoQ10 síta gbangba, kì í ṣe kí wọ́n kó nǹkan méjìlá pọ̀, kí wọ́n wá kọ ìwọ̀n àpapọ̀ lásán. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wá àmì USP tàbí NSF, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnìkan mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ohun tí wọ́n kọ síta ló wà nínú. Nọ́ńbà NAFDAC sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń lé àárẹ̀. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má fọwọ́ kan CoQ10 láìsọ fún dókítà, nítorí ó lè dín agbára warfarin kù.

Alpha lipoic acid lè já ṣúgà wálẹ̀; bí o bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ṣọ́ra. Astaxanthin ni ohun tó ń mú ẹran ẹja salmon pupa. Mi ò tíì gbọ́ ohun búburú nípa ẹ̀, ẹ̀rí ló ṣì kéré. Owó rẹ ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ bá ń fa sìgá, má jẹ́ kó lo beta-carotene, àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì, tí wọ́n dì sínú kápúsù. Ní Fíńláǹdì, wọ́n fi dán àwọn ọkùnrin 29,133 tó ń fa sìgá wò. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Fítámì E 400 IU (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ìgò ẹ̀) náà, wọ́n fún àwọn ọkùnrin l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, èsì 2011 sì fi hàn pé jẹjẹrẹ prósítéètì ló fi kún un, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Antioxidant ni àwọn méjèèjì. Fítámì biotin tí àwa obìnrin ń lò fún irun tún lè ba àyẹ̀wò thyroid (ẹṣẹ́ ọrùn) jẹ́ ní lábù, sọ fún wọn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Má sì ra kápúsù tó ti jókòó sínú oòrùn Dùgbẹ̀ láti àárọ̀.

Àyẹ̀wò tí mo rò pé ó yẹ kí o ṣe: ẹ̀jẹ̀ pípé, ferritin (irin tí ara fi pa mọ́), TSH (ti thyroid), ṣúgà oṣù mẹ́ta, B12. Béèrè pé kí wọ́n wo bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe tóbi sí, kì í ṣe PCV nìkan. Bí o bá ń hanrun gan-an lóru, sọ ìyẹn náà.

Ó yá, dá mi lóhùn wàyí. Ṣé o ń lo Metformin, tàbí oògùn ọgbẹ́ inú bíi omeprazole láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ti cholesterol? Kọ gbogbo orúkọ wọn síbí, títí kan èyí tí ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbé wá. Yí ìgò náà sẹ́yìn, kí o ka folic acid ẹ̀ fún mi.