Ọkọ Mi Ti Lọ, Ìgbà Àìsàn Wọn Nìkan Ni Mò Ń Rántí

Lẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ìlọrin ni mò ń gbé. Ahunṣọ òfì ni bàbá àwọn ọmọ mi. Jẹjẹrẹ prostate ló pa wọ́n lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Ọdún 29 la fi jọ gbé, wọ́n kẹ́ mi, wọ́n gẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rántí wọn báyìí, ìgbà tí wọ́n rù kan egungun, tí wọ́n ń jágbe mọ́ mi lóru, nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọmọ kì í dárúkọ wọn nílé nítorí ẹkún mi. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 13, máa ń jáde kúrò nínú yàrá tí mo bá ń gbọ́ ohùn wọn lórí WhatsApp. Òfì wọn ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú òwú lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan. Ọmọ mi àgbà fẹ́ yáwó ká fi ṣe ìrántí, ká ra aṣọ ẹbí, ká pe olórin. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ àfáà, ní irú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.
Ìyàwó Ahunṣọ

Ìdáhùn: Ìyàwó Ahunṣọ, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn. Ibi tí mo dúró sí jù nínú lẹ́tà yín ni ibi tí ẹ ti ní wọ́n ń jágbe mọ́ yín lóru. Ẹ kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn, àmọ́ mo rí i pé ó ń dùn yín. Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Jẹjẹrẹ prostate, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tó bá ti tàn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, egungun ló sábà máa ń gbà lọ: ẹ̀yìn, ìbàdí, egungun ìhà. Ẹni tí egungun ń ro láti alẹ́ dé ìdájí, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa jágbe mọ́. Ta ló wà nítòsí? Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ sí àsàlátù ti lọ sùn sílé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, tí ẹ ń gbé wọn yí, tí ẹ ń nù wọ́n lára. Ìrora ló ń pariwo mọ́ yín. Ẹ má kà á sí ohun tí ọkọ yín ní í sọ nípa ọdún 29.

Pé ìgbà àìsàn ló ń wá sọ́kàn yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òun ló gbẹ̀yìn, òun lẹ sì fi àìsùn ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún kan àbọ̀ ni o! Ọdún 27 àti ààbọ̀ tó kù ńkọ́? Kò sọ nù. Ó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ ò tíì lọ gbà á ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá tí wọ́n ń kì pé ẹnu yín dùn ju iyọ̀, ẹ wá jókòó sílé bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu! Ẹ sọ fún wọn pé ẹkún yín kò lè pa yín. Kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ bàbá wọn, kí ẹ̀yin náà máa sunkún lọ níbẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ rántí bàbá yín?" Ìyẹn á pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni. Ẹ bi wọ́n pé kí ni bàbá máa ń sọ tí òwú bá já. Dàdàkúàdà wo ni wọ́n máa ń kọ nídìí òfì? Ọjọ́ tí ọjà bá tà, kí ni wọ́n ń rà bọ̀?

Ti àbíkẹ́yìn, ẹ má fipá mú un gbọ́ ohùn yẹn. Ohùn ẹni tí kò sí mọ́, nínú fóònù, àyà àgbàlagbà gan-an á já. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín dà á sórí fóònù mìíràn lónìí, fóònù kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó bà jẹ́.) Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń ki ọmọ yìí láàárọ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é, tí wọ́n sì lọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbà á ṣe, oríkì ọmọ náà bá wọn lọ nìyẹn. Ẹ gbà á ṣe. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ohùn yín gbọ̀n.

Èmi kì í ṣe àfáà, ẹ má sì bá àbúrò ọkọ yín jà. Ọ̀pọ̀ àfáà ni kò fara mọ́ kí a máa ṣọdún òkú. Ṣùgbọ́n òun náà mọ hádíìsì tó sọ pé bí èèyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin àfi nǹkan mẹ́ta: sàárà tí èrè rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣàdúrà fún un. Ẹ wo òfì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ wọn kó wá jókòó sídìí rẹ̀, kó hun ìyókù òwú náà tán. Bí àwọn tó ni ogún bá fọwọ́ sí i, kó gbé òfì náà lọ máa fi jẹun. Ẹ se àmàlà àti ọbẹ̀ lúrù fún un, kó máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún yín. Ọ̀ràn mìíràn wà tí ọmọṣẹ́ mọ̀ nípa ọ̀gá tí ìyàwó ò mọ̀, ẹ ó sì gbọ́ èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín àgbà kì í ṣe aláṣejù lójú tèmi. Ó fẹ́ kí ìlú mọ̀ pé ẹni ńlá ni bàbá òun. Àmọ́ ilé tí àìsàn ti gbọ́n lówó lọ fún ọdún kan àbọ̀, kò yẹ kí olórin tún kó gbèsè bá a. Ẹ dín másà, ẹ há a fún àwọn ọmọ ilé kéwú, kí wọ́n ṣàdúrà, kí ará ilé sì jókòó sọ̀rọ̀ bàbá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ kan kù, bí a bá sì ń sunkún, à máa ríran. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ prostate, ewu tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Níbẹ̀rẹ̀, kì í sábà fi àmì kankan hàn. Kí ọmọkùnrin yín fi í sọ́kàn pé bí òun bá ti tó ẹni ọdún 40, kí òun bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Ti àbúrò ọkọ yín kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá ogójì ọdún, ẹ bá mi bẹ àfáà kí wọ́n lọ ṣe é lóṣù yìí, kí wọ́n tó wá ṣàdúrà ọdún fún ẹ̀gbọ́n wọn.