Yìn Ín Nígbà Tí Etí Rẹ̀ Ṣì Ń Gbọ́

Lẹ́tà òǹkàwé: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí ẹṣin mi dé ọ̀dọ̀ mi, òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 7. Mo ti di ẹni ọdún 31 báyìí, òun ti pé 26. Ọdún 13 la fi jọ lọ sí ìdíje àti àfihàn ẹṣin, kó tó di pé mo ní kó sinmi. Títí dòní, tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹṣin, ó máa ń fi koríko sílẹ̀ lọ dúró sẹ́nu géètì. Tí ọkọ̀ bá lọ láìgbé e, á ṣì dúró síbẹ̀ títí eruku á fi rọlẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò àfihàn ẹṣin ní kí n mú un wá ní oṣù méjì sí i kí àwọn lè bu ọlá fún un, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n máa kà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣe là ń sìnkú ẹṣin tí kò tíì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó kọ ọ́, ẹkún ni mo ń sun. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé mo mọ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ń dùn ún. Ẹni tó ń kọ́ mi nígbà yẹn ní kò sí nǹkan, mo sì gùn ún wọ pápá. A gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹnu mi tún gbà á láti máa yìn ín?"

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ, má bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í pa alààyè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún Valegro, ẹṣin tí Charlotte Dujardin gùn gba wúrà ní Òlíḿpíìkì London àti ti Rio, níwájú èrò rẹpẹtẹ ní London. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà náà, ara rẹ̀ ṣì le koko. Ìgbà tó ṣì wà lójú ọlá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó sinmi, wọn ò dúró kó ṣubú kí wọ́n tó mọ rírì rẹ̀. Tìrẹ ti pé 26. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí a tọ́jú dáadáa máa ń lò tó ọdún 25 sí 30. Òótọ́ ni pé Old Billy, ẹṣin kan tó ń fa ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọdún 62 kó tó kú ní 1822, ṣùgbọ́n ìyẹn ò wọ́pọ̀. Nítorí náà, kọ ọ̀rọ̀ náà. Àkókò rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn gan-an, torí mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń pa ọ́ lẹ́kún.

Mi ò ní sọ fún ọ pé ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan. O mọ̀, o sì gùn ún. Ọmọdé ni ọ́, àgbà tó yẹ kó dá ọ dúró ló ní kí o lọ, ẹ̀bi tirẹ̀ sì wúwo ju tìrẹ lọ. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí o máa fi ìyẹn rẹ ara rẹ lẹ́kún bí ọmọdé. Ẹṣin kì í pariwo ìrora. Ẹran tí àwọn apẹran ń dọdẹ rẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, èyí tó bá sì ń tiro nínú agbo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé. Ó ti mọ́ ọn lára láti mú un mọ́ra kó sì máa bá ìrìn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ ọ láti sọ pé kò sí nǹkan. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ wà lórí ìjánu nìkan lo mọ̀.

Ṣé o fẹ́ tọrọ àforíjì? Ẹṣin ò mọ ọjọ́ tí ife-ẹ̀yẹ wọlé, ó mọ ọwọ́ tó ń kàn án lónìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, fi ọwọ́ rà á lálaalẹ́, kí o sì jẹ́ kí dókítà ẹran wò ó kí oṣù yìí tó parí. Tí ọkàn rẹ bá sì gbà á, fi gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sínú ohun tí o máa kọ: pé ó gbé ọ dé ibi tí kò yẹ kí o ní kó gbé ọ dé. Àwọn ọmọdé tó ń gun ẹṣin máa jókòó níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú wọn á gbọ́ ọ, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yẹ kó sọ̀.

Ní ti ìyókù ọ̀rọ̀ náà, fi àwọn ife-ẹ̀yẹ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó máa wà níbẹ̀ ti rí i tó gbà wọ́n. O ti kọ ìyìn rẹ̀ sínú lẹ́tà tí o kọ sí mi, bóyá o ò tiẹ̀ mọ̀: ẹṣin tó fi koríko sílẹ̀ nítorí ìró ọkọ̀, tó dúró sẹ́nu géètì títí eruku fi rọlẹ̀. Èmi tí mi ò rí i rí, mo ti rí i. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ wò ó láàárọ̀ bí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Irun funfun tó ti yọ yí ojú rẹ̀ ká, kòtò tó ti jìn lókè ojú, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ níbi tí gàárì ń jókòó sí, ibi kan lọ́rùn tí kò lè mára dúró tí o bá ń họ ọ́ fún un. Kọ wọ́n bí o ṣe rí wọn. Tí ẹkún bá dé, sun ún, kí o sì máa kọ lọ.

Bí o ti ń wò ó bẹ́ẹ̀, wo ara rẹ̀ náà, torí ìtọ́jú ló máa sọ bóyá ó lè lọ. Wo iwájú oríkèé ẹsẹ̀ iwájú tó wà lókè pátákò. Tí awọ ibẹ̀ bá bó, tí o ò sì mọ ohun tó bó o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í dùbúlẹ̀ mọ́. Ẹṣin máa ń tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sun oorun tó jinlẹ̀ láìdùbúlẹ̀. Àgbà tí oríkèé ń dùn ń bẹ̀rù pé bí òun bá dùbúlẹ̀, òun ò ní lè dìde. Á wá dúró títí oorun á fi ré e lẹ́sẹ̀, á sì fi oríkèé gúnlẹ̀. Oògùn ìrora wà fún un, ilẹ̀ rírọ̀ tó fẹ̀ dáadáa náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Wo ilẹ̀ tó ti ń jẹun náà: tí o bá rí koríko tó jẹ ní ìlàjì, tó sì tu sílẹ̀ ní ṣùù-ṣùù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eyín rẹ̀ ti ń tán, oúnjẹ tí a rẹ sínú omi títí ó fi rọ̀ ló kù fún un. Tí irun rẹ̀ bá gùn tó ń ká, tí kò já nígbà tó yẹ, tó sì ń mu omi púpọ̀, ní kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Cushing, àìsàn kan tó máa ń ṣe àwọn àgbà ẹṣin. Oògùn ojoojúmọ́ wà fún ìyẹn. Jọ̀wọ́, má tì í mọ́lé lórúkọ ìsinmi. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ní pápá pẹ̀lú ẹṣin mìíràn ni kì í jẹ́ kí oríkèé gan.

Ọjọ́ mẹ́ta kó tó di ọjọ́ àfihàn, ní kí ẹnì kan fà á sáré jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ líle, kí ìwọ dúró níwájú. Tó bá ń gbé orí sókè nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dùn ún. Má mú un lọ. Ka ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn láìsí i níbẹ̀. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, ìwọ tí wọ́n ti sọ fún rí pé kò sí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí o ò bi mí, màá sì sọ ọ́. Jókòó pẹ̀lú dókítà nísinsìnyí tí ara rẹ̀ ṣì yá, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó tó àkókò kí dókítà jẹ́ kó kú pẹ̀lẹ́, láìsí ìrora: tí kò bá lè dá dìde, tó bá kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, tí oògùn ò bá ràn án mọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá dé, ojú rẹ á kún fún omi débi tí o ò ní lè ronú, ìwé yẹn ló máa ronú fún ọ.

Tí ara rẹ̀ bá gbà á láti lọ, má gùn ún. Wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ìwọ ti sọ̀, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Má di gàárì, okùn kan péré lọ́wọ́ rẹ, kí ẹ jọ rìn yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan bó bá ṣe fẹ́ rìn. Bẹ àwọn tó ń ṣètò kí wọ́n dín ohùn ẹ̀rọ kù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kà á fún un nínú ilé rẹ̀. Ó lè máa jẹ koríko rẹ̀ lọ láìgbójú sókè. Etí kan á yí sọ́dọ̀ rẹ.